Irun Tó Re Kì Í Ṣe Orí Tó Pá

Nígbà tí àǹtí ọ̀kan nínú àwa méjì tí a kọ èyí jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nílé wọn ní ọ̀nà Badore, Ajah, irun ti kún orí ìrọ̀rí wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí orí, ìdì irun kan bá ọwọ́ wọn wá bí ẹni fa koríko lórí iyanrìn. Kó tó di ọ̀sán, ìdájọ́ mẹ́ta ti wọlé. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ní, "Àǹtí, ayé ló fá orí yín lójú oorun." Ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n wá fún ìtúsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá irun tó jábọ́ náà síta. Ẹnì kẹta ń ta òróró ìhurun lórí WhatsApp: ìgò kan ₦35,000, ìgò mẹ́ta ni yóò sì ká a. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ gba kímò àkọ́kọ́?"

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín, nítorí òun gan-an ni ìjà tí a fẹ́ bá yín jà. Bí oògùn bá jẹ́ irú èyí tó ń mú irun re, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ ni irun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Dókítà mọ̀. Nọ́ọ̀sì mọ̀. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn. Àwọn tí kò mọ̀ ni aláìsàn fúnra rẹ̀, ará ilé rẹ̀, ẹni tó ń di irun fún un lábẹ́ bíríìjì Ajah, àti pásítọ̀ rẹ̀. Ohun tí a lè kọ sórí kàlẹ́ńdà ṣáájú ni wọ́n sọ di iṣẹ́ ọwọ́ ayé, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sọ ọ́, tàbí ó sọ ọ́ lédè tí kò wọlé.

Kí àwa tí a ń kọ́ Yorùbá tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká wo ara wa ná. Èdè wa ti ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá wa. Orí máa ń pá: ìyẹn ni apárí, kì í sì í sábà padà sí bó ṣe wà. A máa ń fá orí: abẹ ló ṣe é, èèyàn kan ló sì di abẹ náà mú. Irun máa ń re, bí adìẹ ṣe ń re ìyẹ́. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ bó ṣe máa ń rí jákujàku lásìkò yẹn, tí yóò máa sá sí kọ̀rọ̀ bí ẹni jẹ gbèsè, tí kò sì sí ẹni tó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo, torí gbogbo ilé mọ̀ pé ìyẹ́ mìíràn ń bọ̀. Kímò kì í fá orí. Ó ń mú irun re ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, "wọ́n ti fá a" là ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ gírámà pẹ̀lú wa mọ ohun tí "wọ́n" yẹn ń ṣe níbẹ̀: kò tọ́ka sí ẹnì kankan. Ẹni tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀ kò mọ̀yẹn. Bó bá ti gbọ́ "wọ́n", ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá kan oògùn inú iṣan pẹ̀lú irun orí? Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń pín kíákíá, oògùn náà sì ń ṣọdẹ ohunkóhun tó bá ń pín kíákíá. Kò mọ̀ọ̀yàn. Gbòǹgbò irun ń pín kíákíá, inú ẹnu ń pín kíákíá, ìfun pẹ̀lú, àti mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ fún wa. Nínú irun orí èèyàn, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa ń wà lẹ́nu híhù lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí orí fi lè ṣófo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń ṣe é. Doxorubicin tí àwọ̀ rẹ̀ pupa, paclitaxel, docetaxel àti cyclophosphamide wà lára àwọn tí a mọ̀ jù. Àwọn mìíràn kàn ń mú irun fẹ́lẹ́ ni. Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí, láàárín oṣù díẹ̀, irun múlọ́múlọ́ bíi ti ọmọ ọwọ́ máa ń yọ. Àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà, ó sì lè má lọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún àwọn díẹ̀, pàápàá àwọn tó gba docetaxel, kì í padà tán. Òótọ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Mùdùnmúdùn inú egungun tí a dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá fa kímò síni lára, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àìsàn jà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò: àsìkò tí irun ń jábọ́, tí awọ orí ń yún, tó ń dun èèyàn bí ẹni wọ́n dì nírun jù, kò jìnnà sí àsìkò tí ara kò ní ọmọ ogun. Ọgbẹ́ abẹ tí ẹ̀yin tàbí èmi yóò nù pẹ̀lú ìka, tí yóò jinná kó tó dalẹ́, lè di ibà fún ẹni yẹn. Ibà náà lè gbé e dé wọ́ọ̀dù, wọ́n sì lè sún kímò rẹ̀ tó kàn síwájú. Ìgò òróró kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o, tàbí bíléèdì kan.

Bíléèdì yẹn gan-an ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fẹ́ fá ìyókù kúrò nígbà tí irun bá ń jábọ́ sínú ọbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sàn ju kéèyàn máa ṣa irun lórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ fá a kodoro. Kílípà ni kí wọ́n fi gé e mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀, kí kílípà náà sì jẹ́ èyí tí kò tíì gba orí ọmọ mẹ́wàá tó ní làpálàpá kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Onígbàjámọ̀ ọ̀nà Ajah máa ń fi sípíríìtì nu orí lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ sọ fún un kó má fi sí i. Bó bá ní dandan ni, ẹ dìde lórí àga rẹ̀.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìṣerun ló kàn. Láti Lekki Phase 1 títí dé Sangotedo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan wà fún orí kọ̀ọ̀kan. A kò bínú sí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀rẹ́ wa, ẹnì kan nínú wa sì ti fi owó irun dídì san owó ilé-ẹ̀kọ́ rí. Ohun tí a bínú sí ni gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́: "Tó bá ń ta yín, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, a ò ní dárúkọ rẹ̀, ni wọ́n ti fi òróró tí wọ́n po kànáfùrù, ata ilẹ̀ àti mẹ́ńtọ́ọ̀lù pọ̀ ra àǹtí wa lórí, pé kó lè "jí gbòǹgbò." Ó ta wọ́n. Wọ́n fara dà á, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé oògùn tó bá korò ló ń pa àrùn, pé irun tí wọ́n bá dì tí ojú wa kò ro, wọn kò dì í dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, awọ orí wọn ti pọ́n láti iwájú dé ìpàkọ́, ó ti sú wẹ́wẹ́. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí tó ń ta kì í ṣe orí tó ń sàn. Bákan náà ni omi àlùbọ́sà, rìláásà, àti gúlù tí wọ́n fi ń lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí. Kò sí èyí tó yẹ kó kan awọ orí tó wà lẹ́nu kímò. Ẹ jẹ́ kí irun tuntun náà lágbára fún oṣù bíi mélòó kan kí ẹ tó ronú rìláásà, dáì tàbí àtáṣímẹ́ǹtì, kí ẹ sì bi dókítà yín.

Àwọn olóròóró orí WhatsApp ńkọ́? Wọn yóò fi fọ́tò hàn yín: obìnrin tí orí rẹ̀ ṣófo lápá òsì, obìnrin kan náà tí irun ti bo orí rẹ̀ lápá ọ̀tún, oṣù márùn-ún láàárín. Ẹ̀yin ará wa, oṣù mélòó ni a sọ pé irun fi ń padà hù fúnra rẹ̀? Bí ẹnì kan bá ta òróró fún adìẹ tó ń re ìyẹ́, tí ìyẹ́ sì hù, ṣé òróró ló hù ú? Wọ́n tún máa ń na ìka sí nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. Nọ́ńbà yẹn, bó bá jẹ́ òótọ́, ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń hu irun fún ẹni tó ń gba kímò. Oògùn kan wà lóòótọ́ tí àwọn dókítà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, minoxidil. Kì í dí irun lọ́wọ́ láti re, ó lè mú kó tètè padà fún àwọn kan. Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú yín ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe ní ìsọ̀ ẹlẹ́gbòogi.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Ọ̀rẹ́ wa kan ní kíláàsì sọ ọ́ lójú wa: "Ẹni tí ikú ń lé, ṣé irun ló kàn án?" Ọ̀rọ̀ náà le, ó sì dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n kọ kímò tàbí tí wọ́n rò ó pé àwọn yóò kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀rù irun. Nítorí náà, irun wà lára ohun tó ń pinnu ẹni tí yóò gba oògùn. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ṣírò pé ní ọdún 2020 nìkan, ó lé ní 120,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ tuntun bá ní Nàìjíríà. Bí ìdá kékeré nínú wọn bá sá nítorí ohun tí àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún lè yanjú, ta ni yóò dáhùn fún un?

Àti pé, ta ló sọ fún ọ̀rẹ́ wa yìí pé irun kò tó nǹkan ní ilẹ̀ Yorùbá? Ṣé àwa tí a ní ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́ àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀? J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin láti 1968, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é, ìpàkọ́ ni ó sì máa ń yà jù, kí irun lè sọ tirẹ̀. Orí fífá pàápàá ń sọ̀rọ̀ láàárín wa. Ìlàrí Aláàfin ń fá apá kan. Wọ́n ń fá orí adóṣù Ṣàngó. Opó ń fárí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń pa àwọn obìnrin wa lára lónìí. Àǹtí wa wọ bọ́ọ̀sì láti Ajah lọ sí Ọbáléndé láìwé gèlè lọ́jọ́ kan, nítorí ooru. Ìyá kan tó jókòó tì wọ́n dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa yóò tù yín nínú. Ta ló kú?" Ìyá náà kò ṣe búburú. Ìkáàánú ni. Ṣùgbọ́n ọkọ àǹtí wa wà láàyè, ó ń wa Úbà ní Ìkọ̀tá, àǹtí wa sì sunkún dé Ọbáléndé.

Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìdílé ti gba ọ̀rọ̀ orí yìí kanrí. Ọkọ fẹ́ wíìgì. Ìyá ọkọ fẹ́ gèlè. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní kí wọ́n máa gbé inú ilé títí irun yóò fi hù. Wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí nínú pálọ̀, àǹtí wa wà ní yàrá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìgbà mélòó la ti kọ òwe yẹn sínú ìwé ìdánwò, tí a ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan ló wà fún? Orí gidi nìyí. Bí olórí bá fẹ́ wíìgì, kó dé wíìgì. Bó bá fẹ́ rìn láìdé nǹkan kan, kó rìn, kí ẹni tó bá ní ẹnu gbé e pa mọ́.

Ìtọ́jú awọ orí fúnra rẹ̀ kò ná owó, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń polówó rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tàbí ṣanpú tí kò le, tí kò ní òórùn dídùn púpọ̀, ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó tó. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú sè lè gbẹ irú awọ bẹ́ẹ̀ jù, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Omi bọ́ọ̀hóòlù ní àwọn ojúlé kan ní Ajah àti Lekki máa ń pọ́n bí irin tó dípẹtà, òmíràn sì níyọ̀. Bí omi yín bá ń sọ aṣọ funfun di pupa, ẹ wá omi tó mọ́ fún orí. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má fi ha á. Bó bá gbẹ, tó ń yún, òrí lásán tí wọn kò po nǹkan mọ́ dára, díẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, bí kò bá ti sí ojú ọgbẹ́. (Òrí fún orí: inú wa dùn nígbà tí nọ́ọ̀sì kan gbà bẹ́ẹ̀, ká má purọ́.)

Oòrùn ni èyí tí àwa aláwọ̀ dúdú kì í kà sí. Awọ orí tí irun ti bò láti ọjọ́ ìkómọ kò mọ oòrùn rí. Ẹni tó bá ń ti Ajah lọ gba ìtọ́jú ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019, yóò wọ bọ́ọ̀sì dé Ọbáléndé, òmíràn dé Ojúẹlẹ́gba, yóò sì dúró nínú oòrùn láàárín wọn. Fìlà olówùú tó ní etí gbòòrò, tàbí agbòòrùn, tàbí ìpara adènà oòrùn tí nọ́ńbà SPF rẹ̀ jẹ́ 30 sókè. Bó bá jẹ́ wíìgì ni, ẹ fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ má lo gúlù, kí ẹ sì bọ́ ọ bí ẹ bá ti wọlé, pàápàá bí wọ́n bá ti mú iná lọ. Aṣọ ìrọ̀rí rírọ̀ dára ju èyí tó le lọ. Bí awọ orí bá pọ́n, tó wú, tó ń ṣọyún, tàbí tí ara bá gbóná dé 38°C, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òróró mọ́, kì í sì í ṣe ti ìtúsílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni, lóru tàbí lọ́sàn-án.

Fìlà tútù tí àwọn òyìnbó ń dé nígbà tí kímò bá ń wọlé ńkọ́? Ó wà lóòótọ́. FDA Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan ní 2015. Òtútù náà ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ orí fún pọ̀ kí oògùn tó ń dé gbòǹgbò irun lè dín kù. Ó ń bá àwọn kan ṣe é, kì í bá àwọn kan ṣe é, kò sì wà fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí sì ti rí i pé kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa lórí irun tó nípọn tó sì lọ́ bíi tiwa. Ẹni tó bá gbé e wá sí Lekki lọ́la, kó sọ ìyẹn kó tó gba owó.

Ó ku ilé ìwòsàn, ẹ̀bi wọn ló sì dùn wá jù. Wọ́n fún àǹtí wa ní ìwé ojú méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun gbogbo tí a kọ sókè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀ tán: ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, kílípà, oòrùn, ibà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Àǹtí wa ń ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn láìkọsẹ̀. Wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n fi í sínú báàgì, ibẹ̀ ni a ti bá a ní oṣù kan lẹ́yìn tí ayé ti "fá" orí wọn. Ta ni iṣẹ́ rẹ̀ láti tú ojú ìwé méjì sí Yorùbá? Wọn kò kọ́ nọ́ọ̀sì náà ní ìyẹn. Àwa ni wọ́n ń kọ́, fún ọdún mẹ́rin, a sì ń fi í kọ àpilẹ̀kọ tí olùkọ́ kan ṣoṣo máa kà.

A ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan ni, lẹ́tà ńlá, "irun yóò re" ni a kọ síbẹ̀, a kò kọ "orí yóò pá" rárá. Nọ́ọ̀sì kan ti bá wa tún apá tó jẹ mọ́ ibà ṣe. Ibi tí a há sí ni bí a ṣe máa pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí ìyá àgbà ní Lángbàsà yóò fi mọ ohun tí à ń wí. "Ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀" ni ẹnì kan nínú wa fẹ́, ẹnì kejì ní ó ti dún bí ìwàásù jù. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju méjèèjì lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé ni a máa tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà àkọ́kọ́, àǹtí wa sì ti ní àwọn yóò mú ogún lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìṣerun yẹn fúnra wọn.